Oògùn Ooru Inú: Ọ̀rọ̀ fún Ẹ̀yin Ìyá tí Nǹkan Oṣù Yín ti Lọ

Ẹni tí ó bá ti gun òkè Adó-Àwáyè wa ní Òkè-Ògùn rí, tí ó tẹ àtẹ̀gùn 369 rẹ̀ pẹ̀lú orókún ara rẹ̀, tí ó sì dé etí adágún Ìyáàké tí ó wà lókè téńté, yóò ti gbọ́ lẹ́nu àwọn amọ̀nà pé láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ni àwọn obìnrin tí ń wá ọmọ ti ń gòkè lọ síbẹ̀ láti bẹ omi náà. Gbogbo wa ni a mọ àdúrà tí obìnrin ń gbà kí ọmọ tó dé. A mọ orin aboyún, a mọ ìwúre ìkúnlẹ̀, a sì mọ bí a ti ń ki abiyamọ ní ọjọ́ ìsọmọlórúkọ. Ṣùgbọ́n èmi kò tíì gbọ́ orin kan tí a ń kọ fún obìnrin ní ọjọ́ tí nǹkan oṣù rẹ̀ lọ tí kò padà mọ́. Ọjọ́ náà a wá, a kọjá, ẹnikẹ́ni nínú ilé kì í sì í kíyè sí i.

Kì í ṣe pé àwọn baba wa kò bu ọlá fún irú obìnrin bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó ti kọjá ọmọ bíbí ni ó ń wọ ibi tí ọ̀dọ́bìnrin kò gbọdọ̀ yọjú sí. Òun ni a ń fi jẹ Erelú, òun ni ó ń gbẹnu sọ fún gbogbo obìnrin níwájú ọba, òun ni ìyá tí ń pẹ̀tù sí aáwọ̀ orogún, àgbà obìnrin tí ń sọ̀rọ̀ tí géńdé ń dọ̀bálẹ̀, òpómúléró agbo ilé. Bẹ́ẹ̀ ni ọlá yìí gan-an ni ó ń dí wa lójú sí ara obìnrin náà, nítorí pé nígbà tí a bá ti sọ ènìyàn di òpó tí gbogbo ilé fẹ̀yìn tì, ta ni yóò tún bi í léèrè bóyá ó rí oorun sùn lóru àná? Òun náà kò sì ní í sọ ọ́ fúnra rẹ̀, nítorí láti kékeré ni a ti kọ́ ọ pé ọ̀rọ̀ abẹ́ aṣọ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìta. Àwọn àgbà kan náà tí wọ́n kọ́ wa bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sì sọ pé ẹni tí ó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́.

Kí ni ó ń ṣe àwọn ìyá wọ̀nyí gan-an? Ooru a máa dìde láti inú, a gba àyà kọjá, a gun ọrùn, a bo ojú. Òógùn a bo obìnrin nínú ọyẹ́, nígbà tí gbogbo ilé ń wá aṣọ ìbora. Kò sì ní í pẹ́ tí òtútù yóò fi tún bẹ̀rẹ̀ sí í mú un. Èmi tí mo ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí mọ ohun tí ó ń mú kí ènìyàn máa gbé abẹ̀bẹ̀ kiri nínú oṣù Kejìlá. Lọ́dọ̀ wa, ibà ni a kọ́kọ́ ń pè é. A ó ra oògùn ibà ní kẹ́míìsì, a ó lò ó, ooru kò ní í lọ. A ó se àgbo, a ó mu ún, ooru kò ní í lọ. Ìgbà tí ó bá yá, ẹnì kan a ní kí a lọ wádìí bóyá ọwọ́ ayé ni, nítorí iná tí ń jó ènìyàn láti inú tí ẹlòmíràn kò sì rí èéfín rẹ̀ kì í ṣe ohun tí a fi ojú lásán wò.

Àwọn onímọ̀ tiwa ti bi àwọn obìnrin wa léèrè ọ̀rọ̀ yìí rí. Ní ọdún 1990, Dókítà Friday Okonofua àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí kan jáde láti Ilé-Ifẹ̀ lórí obìnrin 563, wọ́n sì rí i pé ẹni ọdún 48 lé díẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wọn sún mọ́ nígbà tí nǹkan oṣù lọ. Ní ọdún 2009, Dókítà Funmilola OlaOlorun àti Ọ̀jọ̀gbọ́n Taiwo Lawoyin tẹ tiwọn jáde láti Ìbàdàn, lórí obìnrin tí ó lé ní 1,000, ohun tí ó sì yà mí lẹ́nu nínú rẹ̀ ni pé kì í ṣe ooru ni ó ṣíwájú nínú ẹ̀dùn wọn. Ìrora oríkèé àti iṣan ni, tí nǹkan bí 59 nínú 100 sọ pé ó ń ṣe àwọn. Ooru wà lẹ́yìn, pẹ̀lú nǹkan bí 39 nínú 100. Ní Òkè-Ògùn níhìn-ín, níbi tí obìnrin ti ń ru iṣu láti oko, tí ó ń bẹ ẹ́, tí ó ń sá èlùbọ́ sórí àpáta, tí ó sì ń ru èlùbọ́ náà lọ sí ọjà, ta ni yóò gbà gbọ́ pé ohun mìíràn lè wà nínú ìrora orókún rẹ̀ yàtọ̀ sí ẹrù? Làkúrègbé ni a ń pè é, a sì fi mọ síbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tí ń ṣẹlẹ̀. Inú obìnrin ni àpò ẹyin méjì wà. Kì í ṣe ẹyin oṣooṣù nìkan ni ó ń ti ibẹ̀ wá. Oje ara tí àwọn oníṣègùn ń pè ní họ́mónù ń ti ibẹ̀ wọ inú ẹ̀jẹ̀ pẹ̀lú, èyí tí ó sì lókìkí jù nínú wọn ni ẹ́sítírójìn. Òun ni ó ń bá egungun di ara rẹ̀ mú, òun ni ó ń jẹ́ kí ojú ara obìnrin rọ̀ kí ó sì tutù, ó sì ní ọwọ́ nínú bí ọpọlọ ti ń díwọ̀n ooru àti òtútù ara. Nígbà tí ó bá di ọ̀wọ́n, ọpọlọ a ṣi ìwọ̀n náà gbé: ooru kékeré tí kò tó nǹkan, a kà á sí ooru ńlá, a sì pàṣẹ kí òógùn máa ṣàn. Ohun tí oògùn họ́mónù tí wọ́n ń lò fún ooru yìí ń ṣe kò ju pé kí ó dá díẹ̀ padà nínú ohun tí ó lọ. Ṣùgbọ́n obìnrin tí ilé ọmọ rẹ̀ ṣì wà nínú rẹ̀ kò gbọdọ̀ lo ẹ́sítírójìn yìí ní òun nìkan, nítorí ó ń mú kí ara inú ilé ọmọ máa hù ṣáá, bí oko tí òjò ń rọ̀ sí tí ẹnikẹ́ni kò sì ro, títí àrùn jẹjẹrẹ yóò fi rí ibi fara pamọ́ sí. Họ́mónù kejì, pirojẹ́sítírónì, ni ọkọ́ tí a fi ń ro ó. Ẹni tí wọ́n ti yọ ilé ọmọ rẹ̀ kò nílò ọkọ́ yìí.

Ọ̀nà tí ayé gbà mọ ọ̀rọ̀ ọkọ́ yìí kì í ṣe ọ̀nà tí ó dùn. Ní ọdún 1942 ni ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí oògùn kan tí a ń pè ní Premarin, tí wọ́n ń fa ẹ́sítírójìn inú rẹ̀ láti inú ìtọ̀ abo ẹṣin tí ó lóyún. Àwa ọmọ Ọ̀yọ́ tí àwọn baba wa fi ẹṣin jagun, tí wọ́n fi ẹṣin jọba, kò sí ẹni tí ó sọ fún wa pé oògùn ń bẹ nínú ìtọ̀ rẹ̀! Ní ọdún 1966, dókítà kan ní New York, Robert Wilson, kọ ìwé kan tí ó pè ní Feminine Forever, níbi tí ó ti kéde pé àrùn ni kí nǹkan oṣù lọ, pé obìnrin tí kò bá lo họ́mónù ti rọ dànù, àti pé kí ó máa lò ó títí ọjọ́ ayé rẹ̀. Ìwé náà tà bí ẹni pé wọ́n ń pín in lọ́fẹ̀ẹ́. Ọmọ rẹ̀ ni ó sọ fún àwọn oníròyìn lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún pé owó àwọn tí ń ṣe oògùn náà wà nínú iṣẹ́ baba òun. Nígbà tí ó di ọdún 1975, ìwádìí fi hàn pé jẹjẹrẹ ilé ọmọ ń pọ̀ lára àwọn tí wọ́n ń lo ẹ́sítírójìn nìkan, láti ìgbà náà ni a sì ti ń fi pirojẹ́sítírónì kún un. Mo bi ara mi léèrè nígbà mìíràn pé àwọn obìnrin tí wọ́n ti fi ìgbọràn gbé e mì kí ọdún náà tó dé, ta ni ó lọ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ wọn?

Ìpayà tí ó tóbi jù dé ní oṣù Keje ọdún 2002. Ìwádìí ńlá kan ń lọ ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n ń pè ní Women's Health Initiative, nínú èyí tí obìnrin 16,608 tí ilé ọmọ wọn ṣì wà ti ń lo oògùn oníhọ́mónù méjì tàbí oògùn òfìfo tí ó jọ ọ́, láìmọ èyí tí ó wà lọ́wọ́ wọn. Lẹ́yìn nǹkan bí ọdún 5, wọ́n dá a dúró láìpé àkókò. Bí a bá kó obìnrin 10,000 jọ tí wọ́n lo oògùn náà fún ọdún kan, àwọn tí jẹjẹrẹ ọmú mú fi 8 ju ti àwọn tí kò lò ó lọ. Rọpárọsẹ̀ fi 8 jù. Àrùn ọkàn fi 7 jù. Ẹ̀jẹ̀ tí ó dì tí ó sì lọ há sínú ẹ̀dọ̀fóró fi 8 jù. Ẹ̀wẹ̀, àwọn tí egungun ìbàdí wọn ṣẹ́ fi 5 dín, àwọn tí jẹjẹrẹ ìfun ńlá mú sì fi 6 dín. Ìdajì àkọ́kọ́ ìròyìn yìí ni ó gba ayé kan. Kárí ayé ni àwọn obìnrin ti da oògùn wọn sínú ṣáláńgá, tí ooru sì padà dé bá wọn. Ọ̀pọ̀ dókítà kò sì fẹ́ gbọ́ orúkọ oògùn náà mọ́, nítorí ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bí ó bá rí alángbá, a sá.

Nígbà tí ojú wálẹ̀ ni àwọn onímọ̀ tún àbájáde ìwádìí náà kà. Àwọn obìnrin inú ìwádìí náà ti dàgbà ju ẹni tí ooru ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mú lọ. Bí a bá pín ọjọ́ orí wọn dọ́gba, ẹni ọdún 63 ni wọ́n. Obìnrin tí ó bá bẹ̀rẹ̀ kí ó tó pé ẹni 60 ọdún, tàbí kí ọdún 10 tó kọjá lẹ́yìn tí nǹkan oṣù rẹ̀ lọ, ìṣirò tirẹ̀ yàtọ̀: ewu rẹ̀ kéré, èrè rẹ̀ sì pọ̀ jù. Èyí tí a ń lẹ̀ mọ́ awọ ara tàbí tí a ń fi pa ara kò sì dà bí ẹni ń di ẹ̀jẹ̀ bí èyí tí a ń gbé mì. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2025, àwọn aláṣẹ oògùn ní Amẹ́ríkà kéde pé àwọn yóò yọ púpọ̀ nínú ìkìlọ̀ ńlá tí ó ti wà lára páálí oògùn náà fún ohun tí ó lé ní 20 ọdún. Àwọn kan fò fáyọ̀. Èmi kò fò, nítorí mo ti rí i pé bí ayé ti gbé oògùn yìí gẹṣin ní ọdún 1966 ni ó sọ ọ́ sílẹ̀ ní ọdún 2002, kò sì sí ìgbà kan nínú méjèèjì tí a wá bi obìnrin Òkè-Ògùn léèrè.

Nísinsìnyí ni a wá dé ibi tí ọ̀rọ̀ wà: ọdún mélòó ni kí obìnrin fi lò ó? Àwọn tí ń sọ pé kí a fi ara dà á, pé ooru yóò lọ láìpẹ́, kò mọ bí ó ti ń pẹ́ tó. Nínú ìwádìí kan tí ó tẹ̀ lé àwọn obìnrin Amẹ́ríkà fún ọ̀pọ̀ ọdún, tí a ń pè ní SWAN, ooru náà wà lára ìdajì wọn fún ọdún 7 lé díẹ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lára àwọn obìnrin aláwọ̀ dúdú ni ó sì ti pẹ́ jù, ó lé ní ọdún 10. Ìbátan wa ni wọ́n, àwọn tí a kó kọjá òkun. Obìnrin tí ooru mú ní ẹni ọdún 48 lè máa bá a yí títí di ọdún 58, kò sì sí oògùn tí ó ń ṣẹ́gun rẹ̀ bí ẹ́sítírójìn. Ṣùgbọ́n bí ọdún lílò ti ń pọ̀ ni ewu ń pọ̀, bí gbèsè tí ń gun orí gbèsè. Ní ọdún 2019, ìwé ìròyìn ìṣègùn Lancet gbé àkójọ ìwádìí 58 jáde: bí obìnrin 50 bá bẹ̀rẹ̀ oníhọ́mónù méjì ní ẹni 50 ọdún, tí wọ́n ń lò ó lójoojúmọ́ fún ọdún 5, ẹnì kan nínú wọn yóò ní jẹjẹrẹ ọmú kí ó tó di ẹni 70 ọdún tí kì bá tí ní in rárá. Bí ó bá jẹ́ ẹ́sítírójìn nìkan, ẹnì kan nínú 200 ni. Bí lílò bá di ọdún 10, ewu náà a fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì, díẹ̀ nínú rẹ̀ a sì máa bá obìnrin gbé fún ohun tí ó lé ní ọdún 10 lẹ́yìn tí ó ti dáwọ́ dúró.

Ẹnì kan nínú 50: ṣé ó pọ̀ ni, àbí ó kéré? Obìnrin tí kò sùn fún ọdún mẹ́ta, tí ó ń pariwo mọ́ ọmọ ọmọ rẹ̀ láìnídìí, tí ó ń gbàgbé iye tí ó ta ọjà, lè sọ pé ó kéré. Obìnrin tí jẹjẹrẹ ọmú pa ìyá àti àbúrò ìyá rẹ̀ yóò sọ pé ó pọ̀, òun sì ni ó tọ̀nà fún ara tirẹ̀. Àwọn obìnrin kan wà ní Ìlú Ọba tí wọ́n ti lò ó fún ohun tí ó lé ní 15 ọdún, tí wọ́n ń sọ pé ẹni tí ó bá fẹ́ gbà á lọ́wọ́ àwọn ní láti bá àwọn jà. Àwọn mìíràn dáwọ́ dúró lẹ́yìn ọdún díẹ̀, ooru padà fún ìgbà díẹ̀, ó sì lọ pátápátá. Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n tí wọ́n mọ̀ ọ́n jù níbẹ̀ kò fi ààlà ọdún kan sí i mọ́. Ohun tí wọ́n ń béèrè ni pé kí obìnrin padà sọ́dọ̀ dókítà lọ́dọọdún, kí wọ́n tún ìṣirò náà ṣe.

Ìpadà lọ́dọọdún yìí ni ìdajì oògùn náà, òun sì ni ó ń bà mí lẹ́rù nípa tiwa. Bí òkété bá dàgbà tán, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Àwọn ọmọ wa obìnrin tí wọ́n wà ní Lọ́ńdọ́nù, níbi tí owó kékeré kan tí a ń san lẹ́ẹ̀kan lọ́dún ti tó fún ọ̀pọ̀ oògùn họ́mónù láti oṣù Kẹrin ọdún 2023, ń rí ìtura, wọ́n sì ń rántí ìyá wọn; wọ́n a dì í sínú àpò ẹni tí ń bọ̀ wálé, wọ́n a ní, "Ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìbàdí, Mọ́mì, ẹ ó sùn." Ìfẹ́ ni, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n dókítà ọmọ kò tíì wo ẹ̀jẹ̀ ríru ìyá rí. Kò béèrè bóyá ìju ń bẹ nínú ilé ọmọ rẹ̀, èyí tí ẹ́sítírójìn lè tún jí dìde. Kò sì mọ̀ bóyá ilé ọmọ gan-an ṣì wà níbẹ̀. Èyí tí a rà lórí àtẹ tún burú jù, pàápàá èyí tí kò ní nọ́ńbà NAFDAC; ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ta oògùn ìfètò-sọ́mọ-bíbí fún yín dípò rẹ̀, nítorí agbára rẹ̀ ju ti oògùn yìí lọ púpọ̀.

Kí a tó bẹ̀rẹ̀, kí a lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba ní Ìsẹ́yìn, kí wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ ríru, kí wọ́n yẹ ọmú wò, kí a sì sọ gbogbo ìtàn ìdílé láìfi ọ̀kan pamọ́. Bí ọ̀rọ̀ bá ju agbára wọn lọ, ilé ìwòsàn ńlá UCH ní Ìbàdàn ń bẹ láti ọdún 1957, ibi ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà tí wọ́n ṣí síbẹ̀ ní ọdún 2012 sì ń bẹ, tí a fi orúkọ Olóyè Tony Anenih pè. Ọ̀nà jìn, owó ọkọ̀ sì wọ́n. Èmi kò ní í tàn yín. Ẹni tí kò bá lè máa lọ bẹ́ẹ̀, èrò tèmi ni pé kí ó má bẹ̀rẹ̀ èyí tí a ń gbé mì tàbí tí a ń lẹ̀ mọ́ ara. Oògùn mìíràn wà tí kì í ṣe họ́mónù tí dókítà lè fún un fún ooru náà.

Ọ̀rọ̀ kan kù tí ojú ń tì wá láti sọ. Ooru a máa lọ bí ó pẹ́ bí ó yá, ṣùgbọ́n gbígbẹ ojú ara kì í lọ fúnra rẹ̀. Ṣe ni ó ń le sí i. Púpọ̀ nínú àwọn ìyá wa ti fi yàrá ọkọ sílẹ̀ nítorí ìrora yìí, wọ́n a sì fi ìgbàgbọ́ àtijọ́ bo ara wọn, pé obìnrin tí nǹkan oṣù rẹ̀ ti lọ tí ó ṣì ń bá ọkọ sùn yóò wú ní ikùn. Kò sí òótọ́ nínú rẹ̀. Ẹ́sítírójìn tí a ń fi sí ojú ara nìkan, tí ó kéré púpọ̀, kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ inú ẹ̀jẹ̀, ewu tí mo ka sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan kò sì sí nínú tirẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin baba tí ẹ ń gbọ́ wa, kì í ṣe pé ìyàwó yín kórìíra yín.

Ẹni tí ó bá fẹ́ dáwọ́ dúró lè máa dín in kù díẹ̀díẹ̀, kí ooru má baà já lù ú lẹ́ẹ̀kan náà. Yálà a ń lò ó, a ti fi í sílẹ̀, tàbí a kò lò ó rí, bí ẹ̀jẹ̀ bá tún yọ lẹ́yìn tí ọdún kan ti kọjá tí a kò rí nǹkan oṣù, ẹ má ṣe pè é ní ìpadàbọ̀ ìgbà èwe, ẹ má sì dúró kí ó gbẹ. Bí ó bá ṣe lálẹ́ òní ni ẹ rí i, kí ilẹ̀ ọ̀la mọ́ bá yín lójú ọ̀nà Ìsẹ́yìn. Bí ó tilẹ̀ jẹ́ ọjọ́ ọjà, kí ẹ gbé ọjà náà fún ẹlòmíràn.